Ẹ Mú Wọn Dé Èkó, Kí Ẹ sì Mú Wọn Padà Wálé Lọ́jọ́ Kan Náà

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà n'Ìbàdàn tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal, tí kò sì tíì fojú kan ọ̀sà rí. Èkó tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú fíìmù lọ: afárá gígùn, ilé gogoro, àti olówó tó ń pariwo lórí fóònù nínú mọ́tò. Tí ẹ bá bi àwọn òbí wọn, wọ́n á ní Èkó kì í ṣe ibi tí à ń mú ọmọ kékeré lọ. Èrò ti pọ̀ jù, oòrùn mú, ọ̀nà ò dáa, gbọ́mọgbọ́mọ wà níta, owó ò sì sí lọ́wọ́. N ò ní bá wọn jiyàn lórí ìkankan nínú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọjọ́ kan, láti ìdájí dé alẹ́, tó láti mú ọmọ dé Èkó kó sì padà wá sùn lórí ẹní rẹ̀, bí àgbà bá lè gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé a ò ní rí gbogbo Èkó.

Gbígbà bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣòro. Àgbàlagbà tó bá ti náwó ọkọ̀ fẹ́ jẹ owó rẹ̀ tán. Ó fẹ́ dé etíkun, ó fẹ́ yà l'ọ́jà Balógun, ó fẹ́ kí àbúrò bàbá rẹ̀ ní Sùúrùlérè, kó tún wọ ilé ìtajà ńlá kan kí àwọn ọmọ lè lá áísìkiríìmù. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, àwọn ọmọ ti ń sunkún, ìyá ti ń jágbe mọ́ wọn, bàbá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ò lè gba ju ohun méjì lọ lọ́jọ́ kan: ibì kan tí yóò wò, àti ibì kan tí yóò ti sáré. Ìyókù, ojú ọ̀nà ni. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìdajì ọjọ́ náà ni, àwa òbí sì máa ń ṣe bí ẹni pé ohun tó yẹ kó tètè kọjá lásán ni.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni reluwé tuntun ti ń ná Ìbàdàn sí Èkó. Kìlómítà 157 ni wọ́n ka ojú irin náà sí, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì àbọ̀, nígbà mìíràn kó lé díẹ̀, láti Mọ́níyà dé Alágọmejì ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà. Mọ́tò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀nà bá dá, ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ tí ọ̀nà Èkó máa dá? Ọmọ tó bá wọ mọ́tò, ìjókòó ló máa jókòó. Nínú reluwé, ó lè dìde, kó rìn lọ rìn bọ̀, kó lọ tọ̀, kó fi imú lé gíláàsì fèrèsé títí èémí rẹ̀ á fi bò ó. Fún ẹni tó bá ní ọmọ kékeré, èyí nìkan tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ sì tún wo àkókò tí reluwé máa gbéra, torí wọ́n máa ń yí i padà láti ìgbà dé ìgbà. Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú, Òjòó sì lè dí láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí náà aago márùn-ún ló yẹ kí ilé ti jí. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ tó wúwo. Èkọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ ti tó. Ọmọ tó bá jẹ ẹ̀bà kó tó wọkọ̀, ẹ̀wù ìyá rẹ̀ ni ẹ̀bà náà máa padà sí.

Ohun kan wà nípa reluwé yìí tí n ò tíì rí kí ilé ìwé kankan fi kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ èèyàn sọ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ní Ọmí-Àdìó, ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì kí òṣèlú tó tú wọn ká ní ọdún 1962, ìjà wọn sì jó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ kékeré ò nílò gbogbo ìtàn yẹn. Fún Awólọ́wọ̀, ohun tí mo sọ fún tèmi ni pé ní ọdún 1955, ọkùnrin yìí ní kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Yorùbá lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ìyá àgbà wọn wà lára àwọn tó tibẹ̀ mọ̀wé. Wọ́n mọ ìyá àgbà wọn. Wọ́n rí i nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tó wọn.

L'Abẹ́òkúta, ibùdókọ̀ náà ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ ní 1986, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó máa gbà á. Ti Papalántò ló wá dùn jù. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ń jẹ́, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ láti Abẹ́òkúta títí reluwé fi gbéra kúrò níbẹ̀: bí ìjọba amúnisìn ṣe ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, bí ìyá yìí ṣe kó àwọn ọlọ́jà jọ, tí wọ́n lọ dó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ, tẹ́tí títí.

"Màámi, ṣé wọn ò bẹ̀rù ọba ni?"

"Wọ́n bẹ̀rù. Wọ́n sì lọ."

Ó ronú díẹ̀. "Kí ni wọ́n gbé lọ́wọ́?"

"Orin ni wọ́n gbé lọ." Òótọ́ sì ni, torí orin wọn le ju òkò lọ. Àwọn ọkùnrin méjì tó jókòó níwájú wa, tí n ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́, rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní Ẹ̀gbá lòun, ìyá àgbà òun wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ló ń sọ ìtàn. Èmi ń fún àbúrò àwọn ọmọ mi lọ́mú.

Ojú irin àtijọ́, èyí tí àwọn òyìnbó ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, ṣì ń bá tuntun rìn láwọn ibì kan bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Agége. Ẹ fi hàn wọ́n. Ó tín-ín-rín, ewéko ti bò ó láwọn ibì kan, síbẹ̀ òun ló gbé kòkó àti ẹ̀pà lọ sí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì sọ Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀.

Láti Alágọmejì, ẹ má jẹ́ kí àwọn onítakisí fi ariwo kán yín lójú. Ẹ ka ọmọ, ẹ ka ẹrù, ẹ ná owó kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó gba Adékúnlé bọ́ sórí afárá Third Mainland. Kìlómítà mọ́kànlá ó lé díẹ̀ ni gbogbo gígùn afárá náà, wọ́n ṣí i tán ní 1990, ọmọ tí kò bá sì tíì rí omi tí kò lópin rí á dákẹ́. Tèmi dákẹ́ lóòótọ́. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń ṣépè fún ló jẹ́ kí wọ́n rí Mákòkó dáadáa: ilé onípákó lórí òpó nínú omi, èéfín ẹja, ọkọ̀ ojú omi tó ń gba àárín ilé sí ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gùn, tí baba wọn wá láti Àgbádárìgì àti láti orílẹ̀-èdè Benin. Ìjọba wó apá kan ibẹ̀ ní 2012, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. Mo sọ èyí náà fún wọn. N ò rò pé ó yẹ ká fi ìlú ńlá han ọmọ ká wá fi ọwọ́ bo apá kan níbẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin rí ọmọ kan tí kò lè ju òun lọ tó dá nìkan ń wa ọkọ̀. Ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Ta ló kọ́ ọ? Ṣé màmá ẹ̀ mọ̀?" N ò ní èsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a nílé ìwẹ̀ tó gbé igbá sínú báàfù, tó fi ọmọ orógùn ń wa omi, ọmọláńgidi àbúrò rẹ̀ jókòó sínú igbá, ó sì ń sọ fún un pé kó má mira, ẹja ń bọ̀. Àwọn tó máa ń sọ fún mi pé ọmọ kékeré ò ní rántí ohunkóhun, pé kí n fi owó náà ra bàtà fún wọn, èsì tí mo ní fún wọn nìyẹn. Ọmọ lè má rántí ọjọ́ tàbí orúkọ ibẹ̀. Ohun tó rí ti wọ inú eré rẹ̀, inú eré sì ni ọmọ ti ń ronú.

Oníkàn ni mo ń mú wọn lọ, kì í ṣe etíkun. Èkó ní etíkun púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbì òkun ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi ojú kan ṣọ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. L'Óníkàn, nǹkan súnmọ́ra. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè sí, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023. Ìtàn ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ tó ohun tí a lè fi mú ọmọ débẹ̀. Dókítà ni, wọ́n bí i ní Sierra Leone, ó sì ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ dúdú, Randle wá fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ sí Oníkàn, ó sì fi ta gbogbo ìlú lọ́rẹ ní 1928 kí ọmọ Èkó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n wó odò náà, inú bí ọ̀pọ̀ ará Èkó. Wọ́n padà tún un kọ́ pẹ̀lú ilé tuntun yìí.

Seun Oduwole ló ya àwòrán ilé náà. Orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sílẹ̀, koríko sì hù lé e, bí ẹni pé ilẹ̀ ló dìde láti bo ilé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn kí wọ́n tó wọlé rárá. Nínú rẹ̀, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin òde òní. Ẹ má gbìyànjú láti kà á tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fà yín lọ síbi tí ojú rẹ̀ bá lọ, ẹ dúró níbẹ̀ títí yóò fi sú u, kí ẹ tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà lára ògiri. Ilé ìwé tí ọmọ mi obìnrin ń lọ, ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Wọ́n ń pè é ní fanákúlà. Ọmọ náà ti wá gbà pé èdè ilé ìdáná ni Yorùbá, pé bí nǹkan bá ti ṣe pàtàkì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Ó wá dúró níwájú ògiri ńlá kan nínú ilé tó tutù nini, tí iná ń tàn yòò, tí àwọn àlejò ń rìn jẹ́jẹ́, èdè ìyá rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ó gbé ìka sókè, ó ń tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú afẹ́fẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Ó kà á jáde. Ó ṣi àmì ohùn kan pè, ó padà sẹ́yìn, ó tún un pè, ó gbà á. Nígbà tó pe orúkọ Ṣàngó, bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ṣàngó, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yíjú padà, ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà. N ò ní kó kúnlẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tó ń gba ìtanràn yẹn ò ní ọmọ wa sínú. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì kan wá sí Oníkàn ní wákàtí méjì péré.

Nínú ilé náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Fẹlá olórin, mo sọ pé ìyá Fẹlá ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ọmọ mi yà mí lẹ́nu. "Ìyá ibùdókọ̀ yẹn? Ìyá tó gbé orin lọ bá ọba? Abájọ!" Abájọ rẹ̀ yẹn, n ò lè rí ìwé ìtàn tó sọ ọ́ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí ibẹ̀, Kenneth Murray ló dá a sílẹ̀ ní 1957, àwọn ère Nok àti ti Ifẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì níye lórí gan-an. Mọ́tò Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976 náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ mú un lọ wò ó. Èmi ò fi han èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Yóò béèrè ibi tí ọta náà gbà jáde, òru ló sì máa béèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ti jókòó jẹ́jẹ́ tó; eré ló kù. Freedom Park ní Broad Street ni mo máa ń yàn, takisí kò pẹ́ débẹ̀ láti Oníkàn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, láti ọdún 1882 ni àwọn òyìnbó ti ń ti èèyàn mọ́ ibẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, wọ́n fi Awólọ́wọ̀ náà sí i. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ìpìlẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì wà nílẹ̀, ẹ lè rí bí wọ́n ṣe kéré tó. Àwọn ọmọ mi fi wọ́n ṣe eré ìdárayá, wọ́n ń fò láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, wọ́n sì ń pariwo. Inú mi dùn sí ariwo yẹn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Àgbà nínú wọn béèrè pé ṣé Awólọ́wọ̀ ti ilé ìwé ọ̀fẹ́ náà ni. Mo ní òun ni. Ó ní kí ló ṣe. Mo ní àwọn kan ní ó fẹ́ gba ìjọba. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni. A jókòó lórí koríko, a jẹ mọ́ínmọ́ín tó kù, a sọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ gbígbóná, àwọn olóúnjẹ wà nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n owó Èkó ni wọ́n ń gbà.

Bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣì lè gbé wọn, ẹ rìn díẹ̀ dé Kákáwà. Ibẹ̀ ni Water House wà, ilé àwọn da Rocha, àwọn tí baba wọn, João Esan da Rocha, ti Bahia ní Bùràsíìlì padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Omi inú ilé yẹn ni wọ́n ń tà fún ará Èkó nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì dé. Gbogbo Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn, ló kún fún irú ìtàn báyìí: Yorùbá tí wọ́n kó lọ, tí àwọn ọmọ wọn padà wá pẹ̀lú orúkọ da Silva àti Pereira, pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́, pẹ̀lú fèrèjọ̀ǹ tí wọ́n ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú, tí wọ́n ti kọ́ láti 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní 1956 pé ohun ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o palẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má wó o. N ò lè fi ilé yẹn han àwọn ọmọ mi mọ́. Àwòrán rẹ̀ ni mo fi hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán gbogbo nǹkan lórí fóònù, wọ́n ní kí n gbé eré Tom and Jerry sí i.

Àwọn ìdílé mìíràn lè fẹ́ nǹkan mìíràn. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ọkọ̀, ẹ gbé e wọ Blue Line ní Mààrínà, reluwé oníná tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kó gba orí omi kọjá sí National Theatre, kó lọ dé Mile 2 kó sì padà. Ẹ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, ẹ gbé ọmọ sẹ́bàá fèrèsé, ó parí. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹranko, ọgbà Lẹ́kkí wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, ọ̀bọ àti ahun wà níbẹ̀, afárá orí igi rẹ̀ sì gùn ní mítà 401. Ọ̀bọ ibẹ̀ máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wọ reluwé padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, kó fọkàn sí ọ̀nà Lẹ́kkí gidigidi kó tó gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣèlú Èkó gbọ́. Mo ti gbé ọmọ pọ̀n, mo di ọmọ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, mo di ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, mo rìn láàárín Mààrínà àti Oníkàn. Ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀, mọ́tò ló gbé síbẹ̀. Ibi tí mọ́tò ò bá gbé, pákó gọ́tà ti já. Nígbà tí ọmọ mi ní òun fẹ́ tọ̀, n ò rí ibì kan fún ìrìn gígùn, ìyá kan tó ń ta ọsàn ló wá mú wa lọ sẹ́yìn ilé ìtajà rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní abiyamọ lòun náà. Ọlọ́run á bá wa bù kún un, ṣùgbọ́n ìlú tó lè na afárá gba orí ọ̀sà kọjá, tó sì ní reluwé oníná, kò yẹ kó fi ìtọ̀ ọmọ sílẹ̀ fún àánú ọlọ́sàn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, pákó gọ́tà tó dì, ibi ìrìn tí mọ́tò ò lè gùn: n ò béèrè ju èyí lọ. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ mú póò kékeré àti ọ̀rá dání. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tí mo ń ṣe nìyí. Àǹkárá kan náà, aláwọ̀ tó tàn, ni gbogbo wa máa ń wọ̀, torí ó rọrùn láti rí ọmọ tó wọ ohun tí ìyá rẹ̀ wọ̀. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi àti ti bàbá wọn sórí aṣọ kékeré, mo rán an mọ́ inú ẹ̀wù, níbi tí ẹni tó ń kọjá ò ti lè rí i kà. Mo kọ́ wọn láti sọ orúkọ bàbá wọn ní kíkún, kì í ṣe "Dádì." Mo sì sọ fún wọn pé bí wọn ò bá rí mi, kí wọ́n má rìn, kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n pariwo orúkọ mi, bí wọn ò bá sì lè dúró, kí wọ́n lọ bá obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. A dán an wò nílé kí a tó lọ, bàbá wọn sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n pe orúkọ mi débi pé aládùúgbò sáré wá.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó kù, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò sí. Tíkẹ́ẹ̀tì fún ìdílé kan, takisí lọ àti bọ̀, owó ìwọlé, oúnjẹ: owó gidi ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta jọ lọ, kí wọ́n jọ háyà bọ́ọ̀sì kan l'Ékòó, kí ìyá kan se mọ́ínmọ́ín, kí ìkejì dín àkàrà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa ń yá èèyàn lówó láti ṣe òkú àti ìgbéyàwó. Ó yẹ kí wọ́n lè dá àjọ ìrìn-àjò ọmọ sílẹ̀, kí èèyàn máa dá díẹ̀ díẹ̀ láti oṣù kìíní, kó fi máa di ọlidé ọdún àjíǹde, owó ti pé. Ilé ìwé náà lè ṣe é. Èmi á tẹ̀ lé wọn lọ láìgba owó.

Ẹ gbéra padà sí Alágọmejì nígbà tó bá ku wákàtí méjì kí reluwé ìrọ̀lẹ́ tó gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ò jìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Nínú reluwé, wọ́n á sùn kí ẹ tó dé Agbádó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, kí ẹ̀yin náà jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni kí ẹ ti bá awakọ̀ kan tí ẹ mọ̀ ṣàdéhùn pé yóò dúró dè yín ní Mọ́níyà lálẹ́, torí pé láti ibẹ̀ dé Mọ́kọ́lá tàbí Chálẹ́ńjì jìnnà, kì í sì í ṣe àsìkò tí èèyàn máa ń bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ná owó nígbà tí ọmọ méjì ń sùn léjìká, tí ẹ̀kẹta ṣì wà lẹ́yìn.